Ọmọ mi ti gbẹ kan egungun, ó ní òun sanra: ṣé irọ́ ló ń pa ni?

Ìyá kan tó ń gbé ní gúúsù London ló kọ̀wé sí mi. Ó ní: "Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 15, ni mo gbé wá. Láti ìgbà ooru èṣí ló ti ń dín oúnjẹ kù. Ó kọ́kọ́ ní òun ò jẹ ẹran mọ́, ó tún ní òun ń gbààwẹ̀, nígbà tó yá, ìrẹsì ṣíbí mẹ́ta ló kù tó ń jẹ lóòjọ́. Egungun èjìká rẹ̀ ti yọ síta. Mo mú un lọ síwájú dígí, mo ní kó wo ara rẹ̀, ló bá bú sẹ́kún, ó ní ṣé mi ò rí bí itan òun ṣe tóbi ni. Bàbá rẹ̀ ní irọ́ ló ń pa, pé àṣà àwọn ọmọ òyìnbó ló ń kọ́. Àǹtí mi ní ọwọ́ ayé wà níbẹ̀, kó lọ gba ààwẹ̀ ìtúsílẹ̀. Màmá mi ní kí n fi ránṣẹ́ sí òun ní Ìbàdàn, pé láàárín oṣù kan òun á ti bọ́ ọ yó. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé lóòótọ́ ni ọmọ yìí ń rí ohun tó ní òun ń rí? Kí ni kí n ṣe?"

Ẹ kú ìfaradà, ìyá ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ohun tó ń jẹ yín lọ́kàn jù: ọmọ yín ò purọ́. Bó ṣe rí lára rẹ̀ gan-an ló ṣe sọ ọ́ níwájú dígí yẹn. Ó lè purọ́ pé òun ti jẹun nílé ìwé, ó lè fi tíṣù wé búrẹ́dì kó lọ jù ú nù, ìyẹn wọ́pọ̀ nínú àìsàn yìí, ẹ̀rù ló sì ń tì í ṣe é. Àmọ́ lórí ọ̀rọ̀ itan rẹ̀, kò sí òótọ́ míì tó ń fi pamọ́ fún yín. Mi ò lè yẹ ọmọ wò láti inú lẹ́tà, dókítà tó bá rí i, tó wọn ìwọ̀n ara rẹ̀, tó sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ló lè sọ ohun tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ yìí jọ àìsàn tí wọ́n ń pè ní anorexia, ìyẹn àìsàn tí èèyàn kì í fẹ́ jẹun torí ẹ̀rù pé òun á sanra, mo sì máa dáhùn bí ẹni pé òun ni, nítorí pé tá a bá sáré tó wá jẹ́ pé kì í ṣe òun, kò sí ohun tó bà jẹ́.

Ohun tí bàbá rẹ̀ ń sọ, ọ̀pọ̀ bàbá ló ti sọ ọ́ létí mi. Mi ò kì í bá wọn jà, torí ẹ̀rù ló sábà máa ń wà lábẹ́ ìbínú wọn. Ẹ bá mi sọ fún un pé àìsàn yìí ti wà kí fóònù tó dé, kí tẹlifíṣọ̀n tó dé. Ọdún 1873 ni William Gull, dókítà kan ní London, ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọdún yẹn náà ni Charles Lasègue kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Paris. Nígbà tó di 1962, Hilde Bruch, dókítà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, tẹnu mọ́ ọn pé ohun tó ya àìsàn yìí sọ́tọ̀ ni pé aláìsàn kì í rí bí òun ṣe gbẹ tó, á máa fi gbogbo ẹnu jà pé kò sóhun tó ṣe òun. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níwájú dígí yín ti wà nínú ìwé àwọn dókítà ṣáájú kí wọ́n tó bí ẹ̀yin gan-an.

Èyí ò sọ pé ohun tí ọmọ ń wò kò lọ́wọ́ nínú ẹ̀ o. Ní erékùṣù Fiji, ara tó kún ni wọ́n ń gbóríyìn fún, gẹ́gẹ́ bíi tiwa tí a máa ń kí ara wa pé "o ti sanra, ayé ń yẹ ọ́". Tẹlifíṣọ̀n dé àgbègbè Nadroga níbẹ̀ lọ́dún 1995. Anne Becker, dókítà láti Amẹ́ríkà, bi àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé ibẹ̀ ní ìbéèrè lọ́dún yẹn, ó sì padà lọ bi àwọn tó jẹ́ ẹgbẹ́ wọn lọ́dún 1998. Ní 1995, kò sí ẹyọ kan tó ní òun máa ń fa èébì kí òun lè fọn. Ní 1998, ó ti lé ní ìdá 11 nínú 100. Nítorí náà, ẹni tó bá ní àìsàn òyìnbó ni, pé kò lè wọ ilé Yorùbá, ẹ má gbà fún un. Mo ti tọ́jú àwọn ọmọ tí orúkọ wọn jọ ti ọmọ yín. Ohun tó máa ń dùn mí jù nípa tiwọn ni pé wọ́n máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, torí ilé ò fura, tíṣà ò fura, dókítà míì náà ò sì fura pé ọmọ dúdú lè ní in.

Báwo wá ni ojú tó ríran dáadáa ṣe máa ń rí ohun tí kò sí? Ẹyinjú kọ́ ló bà jẹ́. Nínú ọpọlọ kálukú wa ni òye kan wà nípa bí ara wa ṣe fẹ̀ tó, ibi tí apá wa dé, ibi tí ìdí wa mọ. Òun la fi ń gba àárín ọjà kọjá láì gbún èèyàn, a kì í sì í ronú sí i. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó ní anorexia, òye yìí tóbi ju ara fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ kan ní Utrecht, ní Netherlands, gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2013. Wọ́n ní kí àwọn aláìsàn máa rìn gba ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń sún kó fẹ̀, tí wọ́n ń sún kó há, wọn ò sì sọ fún wọn pé èjìká wọn làwọn ń wò. Àwọn tí ara wọn dá bẹ̀rẹ̀ sí í yí èjìká sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí ẹnu ọ̀nà fi ìdá 25 nínú 100 fẹ̀ ju èjìká wọn lọ. Àwọn tó ní anorexia ti ń yí i nígbà tó ṣì fi ìdá 40 fẹ̀ jù wọ́n lọ. Àyè wà rẹpẹtẹ, ọmọ náà sì tín-ín-rín, síbẹ̀ ó ń fi ẹ̀gbẹ́ wọlé bí ẹni tó wọ agbádá ńlá. Kò sí dígí níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń bá a jiyàn. Nínú àyẹ̀wò míì, wọ́n fi nǹkan kan ojú ibi méjì lára àwọn tó ní anorexia, wọ́n ní kí wọ́n sọ bí ibi méjèèjì ṣe jìnnà síra tó, iye tí àwọn aláìsàn náà sọ ju bó ṣe rí lọ. Òye ara yẹn ló ń bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹnu yín nìkan ò lè borí rẹ̀.

Ohun tó máa ń ya àwọn òbí lẹ́nu ni pé ebi fúnra rẹ̀ ń mú ìrònú yẹn le sí i. Láàárín 1944 sí 1945, ní yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, Ancel Keys kó ọkùnrin 36 jọ, àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn dá ṣáṣá, tí wọ́n fínnúfíndọ̀ gbà láti jẹun díẹ̀ fún bí oṣù mẹ́fà. Ara wọn fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin fúyẹ́. Kò sí èyí tó fẹ́ fọn tẹ́lẹ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n oúnjẹ gba gbogbo ọkàn wọn. Wọ́n ń ka ìwé oúnjẹ sísè bí ìwé ìtàn, wọ́n ń fa abọ́ kékeré kan fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ń lá abọ́, inú ń bí wọn sódì, wọn ò fẹ́ rí ọ̀rẹ́ mọ́. Ẹ wo ọmọ yín wò. Ṣé kì í dáná fún gbogbo ilé kó má fẹnu kàn án? Ṣé kì í gé dòdò wẹ́wẹ́, kó máa tì í láti etí abọ́ kan bọ́ sí èkejì títí á fi tutù? Ebi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ tí ebi ń pa máa ń le gbagidi, ohun tó bá ti dì mú kì í fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé oúnjẹ la fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, ọ̀rọ̀ ló ń tẹ̀ lé e.

Àsìkò ìbàlágà ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, ìdí ọmọbìnrin á fẹ̀, ọyàn á yọ, ọ̀rá á wá sí itan, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn, àmọ́ ọpọlọ ń sáré tẹ̀ lé ara tí kò dúró sójú kan. Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo rí ni ọmọ tí kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí, tí ìwé wọn mọ́ fínífíní, tí tíṣà ń yìn. Ara wọn ni ohun àkọ́kọ́ tí kò gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Ó tún ń bá ìran rìn. Ìwádìí ńlá kan tó jáde lọ́dún 2019 rí ibi 8 nínú jíìnì tó tan mọ́ anorexia, ó sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kan bí ara ṣe ń lo oúnjẹ, kì í ṣe ti ọkàn nìkan. Ẹ̀yin kọ́ lẹ fà á, ìyá ọmọ. Bàbá rẹ̀ náà kọ́.

Kí n tún fi èyí kún un, nítorí àwọn òbí míì tó máa ka ìdáhùn yìí: kì í ṣe gbogbo ọmọ tó ní àìsàn oúnjẹ ló ń rí ara rẹ̀ ní títóbi. Àwọn kan á sọ fún yín wẹ́rẹ́ pé, "Mo mọ̀ pé mo ti gbẹ, àmọ́ ẹ̀rù búrẹ́dì yẹn ń bà mí." Àwọn míì gbà pé apá àwọn ti tín-ín-rín, ikùn nìkan ni wọ́n ń bá jà. Àwọn ọmọkùnrin wà níbẹ̀, títí kan èyí tó ní iṣan lára tó sì ń rí ara rẹ̀ bí igi ìṣáná, tó ń gbé irin títí tí oorun ò fi kùn ún. Ọmọ tó sanra tẹ́lẹ̀ tó wá fọn lójijì lè wà nínú ewu ńlá bí ẹni tí egungun rẹ̀ yọ, bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn á ṣì máa kí i kú oríire.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má mú un lọ síwájú dígí mọ́. Tẹ́ ẹ bá ní "Wo egungun ẹ!", egungun yẹn gan-an ni àìsàn náà ń wá, ẹ kàn sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ ń yọrí ni. Tẹ́ ẹ bá sì ní "O ò sanra rárá", á ní ẹ ń tan òun. Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn òbí sọ kò gùn: "Mo gbọ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ẹ́. Mo wà níbí. Jẹ́ ká jẹun." Kí ẹ wá dákẹ́, kí ẹ jókòó tì í. Ẹ ó máa rí i tó ń fi àtàńpàkò àti ìka àárín yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ká bóyá wọ́n ṣì ń kan ara wọn, tàbí tó ń tọ egungun ọrùn rẹ̀ bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ má pariwo lé e lórí, ẹ rọra fún ọwọ́ yẹn ní iṣẹ́ míì. Ẹ gbé òṣùwọ̀n kúrò nínú ilé. Ẹ kó àwọn ṣòkòtò tó ti há kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù kó má baà máa fi wọ́n wọn ara rẹ̀.

Ẹ tún kìlọ̀ fún ẹbí, ní pàtàkì tẹ́ ẹ bá ń lọ òde àríyá. "O ti lẹ́pa jù" léwu, "orobo" léwu, "ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ ti yọ, o ti ń dára padà" náà léwu bákan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú rere ni wọ́n fi sọ ọ́. Létí ọmọ yín, gbogbo ẹ̀ ń di "o ti sanra". Kí wọ́n yin irun rẹ̀ tàbí kí wọ́n bi í léèrè ohun tó ń kọ́ nílé ìwé.

Ìtọ́jú tí ẹ̀rí rẹ̀ fìdí múlẹ̀ jù fún ọ̀dọ́ ni èyí tó kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ oúnjẹ kúrò lọ́wọ́ ọmọ, tó fi lé òbí lọ́wọ́, títí ọmọ yóò fi lágbára tó láti gbà á padà díẹ̀díẹ̀. Ilé ìwòsàn Maudsley ní Camberwell ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, ibẹ̀ ò sì jìnnà sí Peckham tí àwa Yorùbá kún. Òun náà ni ìlànà ìtọ́jú ti England tó jáde lọ́dún 2017 ní kí wọ́n kọ́kọ́ fún ọmọdé. Ẹ̀yin lẹ máa bu oúnjẹ, ẹ̀yin lẹ máa jókòó títí abọ́ á fi tán, oúnjẹ mẹ́ta lóòjọ́ pẹ̀lú ìpanu láàárín. Kò pọn dandan kó jẹ́ oúnjẹ òyìnbó: ìrẹsì àti ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, dòdò, ọ̀gì tí wọ́n da mílíìkì sí, gbogbo ẹ̀ ló dáa. Tó bá ní òun ti yó lẹ́yìn òkèlè mélòó kan, òótọ́ ni, nítorí ikùn tó ti pẹ́ láìṣiṣẹ́ kì í tètè ta oúnjẹ sísàlẹ̀, àmọ́ jíjẹun náà ló ń wò ó sàn. Iṣẹ́ yìí le. Ó ń mú ẹkún wá, ó ń mú ariwo wá, ọmọ á sọ ọ̀rọ̀ tó máa dùn yín dọ́kàn. Mi ò sì ní tàn yín: nínú ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2010, èyí tí ọ̀dọ́ 121 kópa nínú rẹ̀, ìdá 49 nínú 100 lára àwọn tí òbí wọn gba oúnjẹ sọ́wọ́ ló ti bọ́ pátápátá ní ọdún kan lẹ́yìn ìtọ́jú, nígbà tí ó jẹ́ ìdá 23 lára àwọn tí wọ́n dá ọmọ nìkan pè jókòó bá sọ̀rọ̀. Ó dára ju èkejì lọ, kò sì tó ìdajì. Àwọn ìyókù nílò àkókò sí i tàbí ọ̀nà míì. Kò tíì sí oògùn tí èèyàn á lò tí ojú tó fi ń wo ara rẹ̀ á fi yí padà.

Ní ti Ìbàdàn, màmá yín gbọ́n ju bí ẹ ṣe rò lọ. Jíjókòó ti ọmọ títí á fi jẹun tán ni ìtọ́jú tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí. Tí màmá bá lè wá sí London wá ràn yín lọ́wọ́, mo fara mọ́ ọn tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì gbé ọmọ yìí wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ ò mọ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Ara tó ti pẹ́ nínú ebi, tí wọ́n bá dédé rọ oúnjẹ sí i, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní phosphate nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì, ìyẹn sì lè pa èèyàn. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kó sì sọ iye tẹ́ ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ àti bẹ́ ẹ ṣe máa fi kún un. Ẹni tó bá ń gbé nílé ní Nàìjíríà tí irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ rẹ̀, kó mú un lọ sí UCH ní Ìbàdàn tàbí Aro ní Abẹ́òkúta, kó má dúró de ìgbà tí ọmọ á ṣubú.

Mi ò ní kí àǹtí yín má gbàdúrà. Èmi náà ń gbàdúrà fún àwọn ọmọ tí mò ń tọ́jú. Àmọ́ ààwẹ̀ fún ọmọ yìí, rárá o. Ààwẹ̀ ló fi bo àìsàn yìí mọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin náà kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Ẹ bá pásítọ̀ yín sọ̀rọ̀, kó sọ fún un lójúkojú pé ìjọ ò fi ààwẹ̀ kankan lé e lọ́rùn. Ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí náà, aláìsàn ní àyè láti má gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì.

Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ GP yín, ìyẹn dókítà àdúgbò yín, lọ́la, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kẹ́ ẹ tó lọ: ìgbà tí oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, ìgbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ dúró tó bá ti dúró, bí òtútù ṣe ń mú un, bó bá ń dákú, bó bá ń bì. Ẹ bèèrè pé kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀ka àìsàn oúnjẹ ti àwọn ọmọdé. Ní àdúgbò míì, òbí lè pe ẹ̀ka náà fúnra rẹ̀. Ohun tí NHS, ètò ìlera ìjọba, ní England là sílẹ̀ ni pé kí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan tó bá jẹ́ kánjúkánjú, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ máa pè wọ́n. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kò tíì gbẹ tó, ẹ sọ fún un pé ìlànà tiwọn ní kí wọ́n má fi ìwọ̀n ara nìkan pinnu. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Beat máa ń gbọ́ ti òbí, ẹ pè wọ́n nígbà tí ó bá sú yín. Tí ìlù ọkàn rẹ̀ bá ti wá sí ìsàlẹ̀ 50 ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí kò sùn, kí dókítà rí i lọ́jọ́ náà. Tó bá wà lábẹ́ 40, tó bá dákú, tí àyà bá ń dùn ún, tí kò bá mu omi mọ́, tàbí tó bá ní òun ò fẹ́ wà láyé mọ́, ẹ gbé e lọ sí pàjáwìrì ní kíá.

Ohun tó kù, tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ kó tó dé, ni pé ara máa ń padà bọ̀ sípò ṣáájú ojú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ikùn rẹ̀ á wú, omi á dúró lára, á sì ní, "Ṣé ẹ ti rí i báyìí?" Ó máa ń tẹ̀ wálẹ̀ tó bá yá. Nígbà tí ara bá ti gbà á, a máa ń na ìwé fífẹ̀ mọ́ ògiri ní kílíníìkì, a ní kí ọmọ ya bí ara òun ṣe fẹ̀ tó, lẹ́yìn náà á fẹ̀yìn ti ìwé náà, a ó sì fa ìlà yí i ká pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì. Ìlà tí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ yà á yọ síta ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ọmọbìnrin kan wò ó títí, ó ní, "Mo rí i. Àmọ́ bó ṣe rí lára mi ò tíì yí padà." Òótọ́ ló sọ, nítorí oṣù púpọ̀ ló máa ń gbà, ó ń gbà ju ọdún kan lọ lọ́dọ̀ àwọn míì. Ẹ má ṣe irú èyí nílé láti fi borí iyàn. Àwọn tí ojú yìí kò tíì là lára wọn ni àìsàn náà sábà máa ń padà sí. Tí kílíníìkì bá wá ní kílò rẹ̀ ti pé, pé àwọn fẹ́ dá yín sílẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ti ṣe nípa ojú tó fi ń wo ara rẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé.